Bí a ṣe ń dá ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé ìtàn ọmọdé mọ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni

Gbólóhùn kan wà tó ti gba owó lọ́wọ́ àwa tí à ń kó ìwé ìtàn ọmọdé jọ ní Èkó ju ohunkóhun mìíràn lọ: "First published 1966." Èèyàn á bẹ̀rẹ̀ mọ́dìí òkìtì ìwé àlòkù lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba tàbí ní Yábàá, á ṣí ìwé kan, á rí ọdún yẹn, ara rẹ̀ á yá gágá, á sì sanwó wàrà-wàrà kí ẹlòmíràn má bàa gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó délé tán, ó tan iná sí i, ó wá rí i pé ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà lòun gbé wálé. Ìwé náà kò purọ́. Ọjọ́ tí ìtàn yẹn kọ́kọ́ jáde ló sọ, kò sọ ọjọ́ tí wọ́n tẹ èyí tó wà lọ́wọ́ ẹni. Ọjọ́ ìbí bàbá kọ́ ni ọjọ́ ìbí ọmọ.

Tí mo bá ní "ẹ̀dà àkọ́kọ́" níbí, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ pọ́ńbélé ni mo ní lọ́kàn: àwọn ìwé tó kọ́kọ́ ti ẹnu ẹ̀rọ jáde, kí wọ́n tó tún un tẹ̀ rárá. Gbogbo èyí tó tẹ̀lé e, ìbáà jọ ọ́ bí ìbejì, àtúntẹ̀ ni. Ọ̀nà tí mo ń gbà yẹ ìwé wò ni pé mi ò kì í wá ohun tó máa gbè sẹ́yìn ohun tí ọkàn mi ti fẹ́ gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ohun tó máa já ìwé náà, ìyẹn ohun tó máa fi hàn pé kì í ṣe ẹ̀dà àkọ́kọ́, ni mo ń wá. Tí mo bá wá a títí tí mi ò rí i, ìgbà yẹn ni mo tó ń ti ọwọ́ bọ àpò.

Ohun tí ẹ máa kó dání

- Awò kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń há sójú.
- Tọ́ọ̀ṣì. Ti fóònù náà tó.
- Iná aláwọ̀ àlùkò tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó ayédèrú wò.
- Rúlà tó ní sẹ̀ǹtímítà.
- Pẹ́ńsùlù àti ìwé àkọsílẹ̀ kékeré. Ẹ má mú báírò sún mọ́ ìwé àtijọ́ rárá.
- Àkísà tó mọ́ tó sì gbẹ. Oòrùn Èkó kì í jẹ́ kí ọwọ́ gbẹ, òógùn ọwọ́ sì máa ń fi àmì sílẹ̀ lára bébà tó ti pọ́n.
- Fóònù tó ní dátà, kí ẹ lè wo àkójọ ìwé àwọn ilé ìkàwé ńlá lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ ohun tí ẹ ń wá sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín: orúkọ ìwé, ẹni tó kọ ọ́, ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbé e jáde, ìlú àti ọdún. Ẹni tí kò bá mọ ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbé ìwé jáde, ohun tó bá ṣáà dà bí àtijọ́ lójú rẹ̀ ni yóò máa rà. Ojú ewé tèmi bẹ̀rẹ̀ báyìí:

Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, D. O. Fágúnwà, ilé ìtẹ̀wé CMS, Èkó, 1938.
Eze Goes to School, Onuora Nzekwu àti Michael Crowder, African Universities Press, Èkó, 1963.
My Father's Daughter, Mabel Segun, African Universities Press, Èkó, 1965.
Chike and the River, Chinua Achebe, Cambridge University Press, 1966.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé láti òkè dé ìsàlẹ̀

Ẹ ṣí ìwé dé ojú ewé tó gbé àkọlé, orúkọ òǹkọ̀wé àti orúkọ ilé iṣẹ́, kí ẹ sì yí i sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, àdírẹ́sì àti ìtàn ìtẹ̀ máa ń wà. Púpọ̀ nínú wa ń dúró níbi ọdún àkọ́kọ́ tí ojú wa bá ṣe kòńgẹ́. Ẹ má dúró níbẹ̀. Ẹ máa bọ̀ nísàlẹ̀ títí dé ìlà wínníwínní tó gbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ tó ń já ìwé lójú ẹsẹ̀ nìwọ̀nyí: "Reprinted", "Second impression", "Second printing", "New edition", "Revised edition". Bí ọ̀kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Cambridge University Press máa ń to ọdún àtúntẹ̀ sísàlẹ̀ ọdún àkọ́kọ́, nítorí náà Chike and the River tí ẹ ń wá ni èyí tó ní 1966 nìkan, tí kò sí ọdún mìíràn lábẹ́ rẹ̀.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà níbí jẹ́ méjì. Àkọ́kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń kọ àtúntẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan á tún ìwé tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn ò ní fọwọ́ kan ojú ewé yẹn. Ẹ má wá rò pé ìwé tí kò sọ nǹkan kan ti gbà pé òun ni àkọ́kọ́. Ṣe ló kàn dákẹ́. Èkejì ni pé ìwé tí ọmọ ilé ìwé ti lò sábà máa ń pàdánù ewé iwájú. Bí ojú ewé náà bá ti já, ẹ wo ewé tó gbẹ̀yìn ìwé, nítorí àwọn atẹ̀wé kan máa ń fi orúkọ wọn àti ọdún síbẹ̀. Bí ibẹ̀ náà bá ṣófo, ẹ rà á kí ẹ kà á fún ọmọ, àmọ́ ẹ má san owó ẹ̀dà àkọ́kọ́ lé e.

Àyẹ̀wò: ẹ gbọ́dọ̀ lè kọ ọdún tó kéré jù, ọdún tó gbẹ̀yìn àti orúkọ ilé ìtẹ̀wé tó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Orúkọ ẹni tó tẹ ìwé àti ti ẹni tó gbé e jáde kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ìlà nọ́ńbà

Èyí kò gba àkókò. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn sí ìsinsìnyí, ẹ lè rí ìlà kan báyìí: 10 9 8 7 6 5 4 3 2 1. Nọ́ńbà tó kéré jù níbẹ̀ ló ń sọ ìtẹ̀ tí ìwé náà jẹ́. Bí 1 bá wà, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ ni. Bí 4 ló kéré jù, ìtẹ̀ kẹrin ni. Àwọn kan máa ń to nọ́ńbà sí ọ̀tún àti òsì, 1 3 5 7 9 10 8 6 4 2. Èyí tó kéré jù náà la ó wò.

Ilé iṣẹ́ Random House ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, "First Edition" ni wọ́n máa ń kọ, tí ìlà nọ́ńbà wọn á sì bẹ̀rẹ̀ láti 2. Tí wọ́n bá tún un tẹ̀, wọ́n á yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Ilé iṣẹ́ Harper náà nígbà kan ń lo lẹ́tà méjì dípò nọ́ńbà, ọ̀kan fún oṣù, ọ̀kan fún ọdún: ìtẹ̀ àkọ́kọ́ Charlotte's Web ti E. B. White, tó jáde ní 1952, ní I-B lábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé.

Nínú ìwé ọmọdé Nàìjíríà ọdún 1960 sí 1970, ẹ má wá ìlà nọ́ńbà. Ẹ ò ní rí i.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá ohun tí kò lè sí nígbà yẹn

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo fẹ́ràn jù, òun ló sì ti gbà mí lọ́wọ́ àdánù jù. Ìwé lè dákẹ́ nípa ọjọ́ orí rẹ̀, àmọ́ ohun tó wọ̀ sára ò lè dákẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iye owó. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni Nàìjíríà fi pọ́n-ùn àti ṣílè sílẹ̀, tí a bọ́ sórí náírà àti kọ́bọ̀. Ìwé 1963 tàbí 1966 tí wọ́n bá tẹ iye owó sí lára gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ṣílè: 3/6, ìyẹn ṣílè mẹ́ta àti sísì, tàbí 5/-. Tí ẹ bá rí N tàbí kọ́bọ̀ tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé, ẹ gbé e sílẹ̀.

Mo ra Chike and the River kan ní Yábàá ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí èmi àti ẹni tó ń tà á jọ fara pamọ́ sábẹ́ tapólì. Ojú ewé ẹ̀yìn àkọlé ti ya ní ìsàlẹ̀, 1966 nìkan ló ṣẹ́kù. Bébà funfun kékeré kan lẹ̀ mọ́ igun ẹ̀yìn ìwé náà, mo rò pé àmì ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ni. Nígbà tí mo délé, mo fi òwú tó ní omi díẹ̀ pa á títí ó fi rọ̀, mo sì fi èékánná ká a kúrò díẹ̀díẹ̀. N1.50 ló yọjú lábẹ́ rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ dúdú minimini mọ́ ara èèpo ìwé. Ẹni tó tà á fún mi kò mọ̀, mi ò sì bi í. Láti ọjọ́ yẹn, bébà yòówù kó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé, mo máa ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́ kí n tó dúnàádúrà.

Ẹ ṣọ́ra fún òdìkejì rẹ̀ náà o. Lẹ́yìn 1973, àwọn tó ní ìwé àtijọ́ lórí àtẹ lè fi òǹtẹ̀ rọ́bà tàbí báírò kọ iye náírà sí i. Ìyẹn kò já ìwé náà rárá. Iye owó tí ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́ èèpo ni ẹ̀rí. Èyí tí ọwọ́ kọ kì í ṣe ẹ̀rí.

Lẹ́yìn owó, ó kan ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fún ìwé. Ọdún 1970 ni ètò yẹn di ti gbogbo ayé, lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ti lo onínọ́ńbà mẹ́sàn-án fún ọdún díẹ̀. Nítorí náà, ìwé 1963 tó ní ISBN kì í ṣe ti 1963. Èyí tó bá ní nọ́ńbà mẹ́tàlá jẹ́ ti 2007 sókè, tàbí kó sún mọ́ ọn gan-an. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já ìwé Nàìjíríà gidi dànù. Gbogbo ìwé onínọ́ńbà mẹ́tàlá ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978, wọ́n bá rò pé ìwé yòówù tó bá ti ní 978 jẹ́ tuntun. Àmọ́ 978 náà ni nọ́ńbà orílẹ̀-èdè Nàìjíríà nínú ètò onínọ́ńbà mẹ́wàá ti àtijọ́. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Èkó ní 1978 lè ní 978 níwájú. Ẹ ka gbogbo nọ́ńbà náà: mẹ́wàá ni, àbí mẹ́tàlá? Ìlà dúdú-funfun tí ẹ̀rọ ìsanwó ń kà kò sì wọ́pọ̀ lára ìwé títí di àwọn ọdún 1980.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo orúkọ ìpínlẹ̀ nínú àdírẹ́sì àti nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé. Ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ méjìlá sílẹ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó sì wà lára wọn. Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó àti Anambra dé ní 1976, Delta dé ní 1991. Ìtàn Chike wáyé láàárín Onitsha àti Asaba. Tí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá pe Onitsha ní "Anambra State", ìwé náà kò dàgbà ju 1976 lọ.

Orúkọ ilé iṣẹ́ náà ń yí padà. Ẹ̀ka Oxford University Press ní Nàìjíríà di University Press Limited ní 1978. Longman Nigeria di Learn Africa ní 2011. Àdírẹ́sì ímeèlì kò nílò àlàyé.

Àyẹ̀wò: ẹ gbọ́dọ̀ ti wo èèpo iwájú, èèpo ẹ̀yìn, inú èèpo méjèèjì àti ẹ̀yìn àkọlé. Bí ẹ kò bá rí ohun kan ṣoṣo tó dé lẹ́yìn ọdún tí ẹ ń wá, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 4: Àwọn ìwé tí ìwé náà dárúkọ

Ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé ọmọdé máa ń to orúkọ àwọn ìwé wọn yòókù sẹ́yìn, kí olùkọ́ lè rà wọ́n. Ìlà wọ̀nyí ti yanjú ìjà púpọ̀ fún mi. Ẹ gbà pé ẹ rí Eze Goes to School tó ní 1963, tí ojú ewé rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí kò ní ISBN, tí kò ní náírà. Ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ rí My Father's Daughter nínú àkójọ ìwé tó ti wà lórí àtẹ. Ọdún 1965 nìyẹn jáde. Báwo ni ìwé 1963 ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó ń bọ̀ lọ́nà, ọdún méjì sì pọ̀ jù fún ìpolówó ìwé tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ nípa òǹkọ̀wé náà ń sọ̀rọ̀. Chike tó bá sọ pé Achebe gba ẹ̀bùn Man Booker International, 2007 ló ti gbà á. Èyí tí Anchor gbé jáde ní Amẹ́ríkà, 2011 ni. Bí wọ́n bá pe òǹkọ̀wé ní olóògbé, ẹ wo ọdún tó kú.

Ẹ rántí pé àkójọ tí kò ní ìwé tuntun nínú kò fi hàn pé ìwé náà jẹ́ àkọ́kọ́. Ilé iṣẹ́ lè lo àwo ìtẹ̀wé kan náà fún ọdún mẹ́wàá láìyí àkójọ náà padà.

Ìgbésẹ̀ 5: Bí ìwé náà bá jẹ́ ti Yorùbá

Kò sí ẹbí Yorùbá tó kàwé tí kì í sọ fún mi pé àwọn ní Ògbójú Ọdẹ ti 1938 nílé. Wọ́n á gbé e wá tìfẹ́tìfẹ́, ìwé bàbá bàbá wọn, orúkọ bàbá náà á wà nínú rẹ̀ ní ìkọ̀wé rèǹtèrente, orúkọ ilé iṣẹ́ ìwé Nelson á sì wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé àkọlé. CMS ló kọ́kọ́ tẹ ìwé yẹn ní Èkó ní 1938. Nelson gbé tiwọn jáde ní 1950. Èyí tó bá ti ní Nelson lára kò lè jẹ́ àkọ́kọ́, bó ti wù kó gbó tó. Mo máa ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún wọn, nítorí ìwé tí bàbá àgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jù nù.

Bí orúkọ CMS bá wà níbẹ̀, ẹ wo bóyá ìwé náà dárúkọ Igbó Olódùmarè. Ọdún 1949 nìyẹn jáde.

Ẹ wá ka ojú ewé mẹ́ta nínú ìtàn náà, kí ẹ fojú sí àkọtọ́. Ọdún 1974 ni wọ́n fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò báyìí. Ṣáájú rẹ̀, "aiye" ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe "ayé". "Enia", kì í ṣe "ènìyàn". "Nwọn", kì í ṣe "wọ́n". "Ẹiyẹ", kì í ṣe "ẹyẹ". Ìwé tí ẹni tó ń tà á bá pè ní ti 1950, tí "ènìyàn" àti "ayé" sì kún inú rẹ̀, wọ́n ti tún un tò lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má yí i padà: àkọtọ́ àtijọ́ kò fi hàn pé ìwé dàgbà, nítorí wọ́n tún àwọn kan tẹ̀ lẹ́yìn 1974 láìfọwọ́ kan àkọtọ́ wọn. Àkọtọ́ tuntun ń já ìwé. Àkọtọ́ àtijọ́ kì í gbà á wọlé.

Àyẹ̀wò: ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin láti inú ìwé náà sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ wọ́n, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ewé. Ẹ máa nílò rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 8.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ fojú kàn án

Mo gbé ìwé kan lọ sí Ṣómólú láàárín àwọn atẹ̀wé, ìwé tí wọ́n pè ní ti 1938. Bàbá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ń fi ọwọ́ to lẹ́tà onírin lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí." Wọn ò wo ọdún rárá. Wọ́n nu ọwọ́ wọn mọ́ ẹ̀wù, wọ́n di ojú, wọ́n fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn ewé kan lọ, wọ́n rà á bọ̀. Wọ́n wá dá a padà fún mi. "Lẹ́tà yìí ò wọnú bébà, ọmọ mi. Orí bébà ló jókòó sí."

Lẹ́tà onírin máa ń jẹ bébà. Tí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, tí iná náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lé ewé, ẹ máa rí ibi tí lẹ́tà ti wọlé díẹ̀, ẹ ó sì fi ìka mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ewé. Ìwé 1938 tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, àwòrán ìwé 1938 ni. Fún ìwé 1960 sí 1970, ẹ má lo ìdánwò yìí láti já a, nítorí ẹ̀rọ tí kì í jẹ bébà ti pọ̀ nígbà yẹn.

Ẹ gbé awò alágogo sójú. Íǹkì ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì máa ń dán, á wà lórí bébà bí ìyẹ̀fun tó yọ́, tí eruku dúdú wínníwínní á yí lẹ́tà ká. Nínú àwòrán, ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gidi máa ń jẹ́ àmì róbótó tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Ti ẹ̀rọ kékeré tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà máa ń fọ́n káàkiri.

Ẹ wo pín-ìnnì tó di ìwé mú. Ọ̀rinrin Èkó kì í fi irin sílẹ̀, nítorí náà pín-ìnnì ọgọ́ta ọdún á ti dípẹtà, ìpẹtà náà á sì ti wọ ewé méjì mẹ́ta. Mo ti rí ìwé tí àmì ìpẹtà wà lójú ewé rẹ̀, tí pín-ìnnì rẹ̀ sì ń kọ mọ̀nà. Ṣe ni wọ́n ya àwòrán ìpẹtà náà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Mo fi ìka ra á, ibẹ̀ ń dán bí ibi yòókù.

Ní paríparí rẹ̀, ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn kí ẹ tan iná aláwọ̀ àlùkò sí i. Lẹ́yìn nǹkan bí 1950 ni àwọn tó ń ṣe bébà bẹ̀rẹ̀ sí i fi èròjà tó ń mú kó funfun sí i. Bébà bẹ́ẹ̀ máa ń tàn bí búlúù lábẹ́ iná yìí. Bébà 1938 gbọ́dọ̀ ṣú. Ẹ yẹ ewé mẹ́ta wò, iwájú, àárín àti ẹ̀yìn, nítorí wọ́n lè fi ewé àkọlé tuntun há ìwé àtijọ́. Èèpo nìkan kò tó.

Ìgbésẹ̀ 7: Àwọn ìwé tó ti òkèèrè wá

Ìwé tòkunbọ̀ náà ń wọ Èkó, èyí tí àwọn èèyàn sì ń béèrè jù ni Harry Potter and the Philosopher's Stone. Bloomsbury gbé e jáde ní 26 oṣù kẹfà 1997, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta péré, ìyẹn 500, ni wọ́n tẹ̀ ní ẹlẹ́yìn líle. Gbogbo àmì wọ̀nyí ni kó pé: ìlà nọ́ńbà láti 10 dé 1, "Joanne Rowling" nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, kì í ṣe J. K. Rowling, "1 wand" lẹ́ẹ̀mejì nínú àkójọ ohun èlò ilé ìwé ní ojú ewé 53, àti "Philospher's" tí lẹ́tà o kan ti fò lára rẹ̀ lẹ́yìn ìwé. Tí mẹ́ta bá wà tí ọ̀kan kò sí, kì í ṣe òun.

Kí ìtẹ̀ àkọ́kọ́ má sì pa yín lójú. Ìwé keje rẹ̀ jáde ní 2007, ní Amẹ́ríkà nìkan mílíọ̀nù méjìlá ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni gbogbo wọn, wọ́n sì pọ̀ bí yanrìn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹ̀dà tí àwọn ẹgbẹ́ òǹkàwé Amẹ́ríkà (book club) ń tẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn, tó máa ń jọ àkọ́kọ́ gan-an. Bébà tó bo èèpo rẹ̀ kì í ní iye owó ní igun inú, ihò tàbí àmì kékeré tí kò ní íǹkì sì sábà máa ń wà ní ìsàlẹ̀ èèpo ẹ̀yìn. Ẹ fi ìka wá a.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ fi wé èyí tó wà ní ilé ìkàwé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀

Ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábàá, ti Yunifásítì Èkó wà ní Akọka. Lórí fóònù, àkójọ WorldCat, British Library àti ti Library of Congress ṣeé wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ fi wéra: iye ojú ewé, gígùn ìwé ní sẹ̀ǹtímítà, orúkọ ẹni tó ya àwòrán inú rẹ̀, àti ìlú tí ilé iṣẹ́ náà wà. Prue Theobalds ló ya àwòrán Chike ti 1966. Edel Rodriguez ló ya ti 2011. Tí iye ojú ewé bá fi mẹ́jọ tàbí mẹ́rìndínlógún yàtọ̀, wọ́n ti tún un tò. Tí ẹ bá rí ìwé náà gan-an ní ilé ìkàwé, ẹ ṣí ojú ewé tí ẹ ti kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sílẹ̀, kí ẹ wò bóyá ìlà kan náà ni wọ́n parí sí.

Bí òǹtẹ̀ ilé ìwé tàbí ilé ìkàwé bá wà nínú ìwé tí ẹ fẹ́ rà, ẹ wá "Withdrawn" tàbí àmì mìíràn tó fi hàn pé wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ béèrè ibi tó ti wá. Mo ti dá irú ìwé bẹ́ẹ̀ padà rí fún ilé ìwé tó ni ín, inú mi sì dùn sí i. Ẹ má sì gbìyànjú láti pa òǹtẹ̀ rẹ́; ojú ibẹ̀ á wú, ìwé á sì bàjẹ́ sí i.

Ẹ wá kọ ìdájọ́ yín sílẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Ìdájọ́ mẹ́ta ni mo ń lò: "ó dájú", "ó ṣeé ṣe", "rárá". "Ó dájú" kì í wà àfi tí ojú ewé ẹ̀yìn àkọlé bá pé, tí ìgbésẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ò rí nǹkan já, tí mo sì ti fi ojú ara mi rí èkejì rẹ̀ tí mo lè fi wé e. Ẹ fi bébà tó mọ́ kọ ọ́, ẹ há a sínú ìwé náà, ẹ má fi nǹkan lẹ̀ ẹ́.

Eze kan wà lórí pẹpẹ mi báyìí. Kò ní ISBN, ṣílè ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò dárúkọ ìwé kankan tó dé lẹ́yìn rẹ̀, pín-ìnnì rẹ̀ sì ti jẹ ìwé dé ewé kẹrin. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń wá èkejì tí màá fi wé e. "Ó ṣeé ṣe" ló ṣì wà nínú bébà tí mo há sínú rẹ̀.